Ohùn Tó Ní Kí Aránṣọ Dìde

Ojú Onígíláàsì ni nǹkan àkọ́kọ́ tí Aránṣọ rí kedere láyé ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi abẹ́rẹ́ gún ara ẹ̀ níka, ó rò pé bí ayé ṣe ń ṣe bàìbàì lójú gbogbo èèyàn nìyẹn. Àfìgbà tí Onígíláàsì fi gíláàsì tuntun kọ́ ọ létí, tó tẹ̀ síwájú kó lè wò ó bóyá ó jókòó dáadáa. Àpá kékeré lẹ́bàá ẹnu, ojú méjì tó tutù, irùngbọ̀n tí abẹ fo ibì kan níbẹ̀.

"Ṣé ẹ ríran?"

"Mo ríran. Ẹ ò fá irùngbọ̀n yín tán."

Onígíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ṣọ̀rẹ́. Onígíláàsì ń pè é ní Ìyá Abẹ́rẹ́. Ọ̀gá Fínnífínní ni Aránṣọ ń pe òun náà, torí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń yẹ dígí wò kó tó jẹ́ kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Aránṣọ, tó ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tí ọmọ ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ò fẹ́ gbọ́ nípa ẹ̀ rárá. "Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀! Ṣé ẹ ó máa wojú ara yín ni?" Àwọn méjèèjì náà ò tíì sọ tẹnu wọn jáde. Ojú ń tì wọ́n.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, lọ́sàn-án gangan, Aránṣọ ń ran aṣọ ìyàwó tí wọ́n máa wá gbà láago mẹ́rin. Àyà ẹ̀ kàn ṣàdédé já. Ohùn kan sì sọ nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún pé, "Dìde, lọ bá a."

Ó mọ ẹni tí ohùn náà ń wí. "Olúwa, ẹ jẹ́ kí n parí aṣọ yìí ná."

"Dìde."

Ló bá dìde.

"Níbo?" ni ìyá ẹ̀ bi í.

"Mo fẹ́ lọ wo Onígíláàsì, Màmá."

"Pẹ̀lú aṣọ aláṣọ lórí maṣínì? Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Nǹkan kan ń sọ fún mi pé kí n lọ."

Ìyá ẹ̀ wò ó lójú, ó sì rí i pé kì í ṣe eré. Ó fà á kúrò nídìí maṣínì, ó jókòó síbẹ̀ fúnra ẹ̀. "Máa lọ."

Ẹsẹ̀ Aránṣọ ò kanlẹ̀. Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí n pẹ́. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù Onígíláàsì, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn látinú, wọ́n sì ti fa kọ́tìnnì. Ó kanlẹ̀kùn.

"Ọ̀gá Fínnífínní! Èmi ni o!"

Onígíláàsì dáhùn látinú. "Padà sílé, Ìyá Abẹ́rẹ́. Jọ̀ọ́."

"Mi ò lọ síbì kankan."

"Mo ti paayàn."

Aránṣọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé etí lé ilẹ̀kùn. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń jáde. Onígíláàsì ṣe gíláàsì fún awakọ̀ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń kánjú kó lè sin Aránṣọ dé ilé, kò tiẹ̀ yẹ dígí wò lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé dígí ọ̀tún sójú òsì, ó gbé tòsì sójú ọ̀tún. Àná ni awakọ̀ fi ọkọ̀ kọlu ògiri, ìgbà tí Onígíláàsì gbọ́ ọ ló tó rántí àṣìṣe náà. Awakọ̀ nìkan ló wà nínú ọkọ̀.

"Ṣé ó kú ni?"

"Mi ò lè béèrè. Mi ò fẹ́ wà láyé gbọ́ ọ."

Ẹ̀rù ba Aránṣọ dé egungun. "Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún ẹ. Wọ́n ní kí n wá, mo sì wá. Ṣílẹ̀kùn, ká jọ máa bẹ̀rù."

Aránṣọ ń gbàdúrà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn, Onígíláàsì sì ṣubú lé e léjìká, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò séèyàn tó sọ fún mi. Ohùn kan ló ní kí n dìde."

"Ká ní o pẹ́ díẹ̀ sí i ni…" Kò parí ẹ̀. Aránṣọ ò sì ní kó parí ẹ̀.

Wọ́n jọ lọ sí ọsibítù. Awakọ̀ wà láàyè, wọ́n di ẹsẹ̀ ẹ̀ ní báńdéèjì, ojú ẹ̀ wú. Onígíláàsì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo jẹ̀bi. Mo gbé dígí ọ̀tún gíláàsì yín sójú òsì, mo gbé tòsì sójú ọ̀tún."

Awakọ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Ìwọ ni?"

"Èmi ni, sà."

"Àṣé ojú mi ò fọ́!" Omijé bọ́ lójú ọkùnrin náà. "Láti àná ni mo ti ń sunkún níbí, mo rò pé mo ti ń fọ́jú. Inú ń bí mi sí ẹ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n dìde nílẹ̀. O ṣeun tó o wá."

Nígbà tí wọ́n jáde síta, Onígíláàsì yíjú sí Aránṣọ. "Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Tí irú ẹ̀ bá tún bá mi, tó ò sí nítòsí ńkọ́?"

"Fẹ́ mi, kí n lè wà nítòsí. Ṣé màá máa sáré lójú títì wá bá ẹ ní gbogbo ìgbà ni?"

Onígíláàsì dúró sójú kan láàárín èrò, ó di ọwọ́ Aránṣọ méjèèjì mú pinpin. "Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n fẹ́ ẹ, Ìyá Abẹ́rẹ́. Ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n sọ ọ́."

"Mo mọ̀," ni Aránṣọ wí, ó ń nu ojú ara ẹ̀. "Ó wá ku Màmá. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó o bẹ̀rù."