Adelé Eyín

Ìgbà kẹta tí eyín tuntun fò jáde lẹ́nu Bàbá Ọláníhùn, awò ojú Dókítà Ìbíyẹmí ló lọ bà. Àkọ́kọ́ ti bọ́ sínú ife tíì, èkejì wọ àpò nọ́ọ̀sì. Dókítà bọ́ awò rẹ̀, ó wo ibi tó sán, ó ní ìtẹ̀síwájú wà, nítorí pé ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí lo ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó fò.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Oṣù tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ òṣùpá yóò balẹ̀ ní Òkè-Ọsàn, ó sì dá a lójú pé àbúrò òun, Àjàgbé, yóò wà nínú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni Àjàgbé ti ń wa kùsà lórí òṣùpá lọ́hùn-ún. Kó tó lọ, àwọn méjèèjì ti jọ ṣàdéhùn pé ọjọ́ tó bá dé, àgbàdo sísun ni àwọn yóò fi pàdé, àti pé ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀ kan ṣùkù ni ẹ̀gbọ́n láti ọjọ́ náà lọ. Bàbá ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Kò fẹ́ di àbúrò lọ́jọ́ ogbó. Eyín iwájú tí ó fi ń ya àgbàdo gan-an ló sì kẹ̀ tí wọ́n yọ.

Kó lè yé ẹni tí kò yọ eyín rí: egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í dúró lásán. Eyín ló ń gún un lójoojúmọ́ bí ọmọrí odó, ìyẹn ló fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ wà. Bí wọ́n bá yọ eyín, tí egungun gbọ́ pé ilé dákẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù mọ́. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, yóò ti jò tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní rí ibi gbin eyín mìíràn sí. Láyé àtijọ́, lẹ́búlẹ́bú egungun màlúù ni wọ́n ń rọ sínú ihò náà. Láyé Bàbá Ọláníhùn, adelé ni wọ́n ń fi sí i: ẹ̀rọ abẹ̀mí kan tí wọ́n mú hù nínú ìgò, tí kò ju hóró àgbàdo lọ, tí í jókòó síbi tí eyín ti dìde. Bí oúnjẹ bá dé, adelé á máa gbá egungun bí ẹni pé eyín ń jẹun. Bí egungun bá béèrè ọ̀rọ̀, adelé á dáhùn.

Kí ni yóò máa sọ? Àwọn onímọ̀ tó ṣe é kò mọ̀. Wọ́n wá lọ gba ohùn àwọn ará ìlú lórí bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ òkú pamọ́ fún àgbàlagbà, wọ́n fi kọ́ ọ. Ó mọ̀ ọ́n ju àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ.

Dókítà ní ó kù kí wọ́n fi àtè tí wọ́n fi ń lẹ ara ọkọ̀ òṣùpá lẹ eyín náà mọ́lẹ̀. Fadérera, ọmọ Bàbá tó sìn ín wá, ní àtè náà dára, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ kí àwọn máa lọ. Bàbá ní òun kì í ṣe ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tí adelé ti ń sọ fún egungun òun láti oṣù méje.

"Bàbá, egungun kì í ronú," ni Dókítà wí. "Iná ara lásán ló ń lọ tó ń bọ̀."

"Ọmọ mi, ṣé iná ara ló ń tu eyín lù ọ́ lójú?"

Dókítà tan pátákó ara ògiri. Ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ síta. Ní oṣù kìíní, egungun béèrè pé eyín dà. Adelé ní ó rìnrìn àjò. Ní oṣù kejì, egungun béèrè bóyá ó gúnlẹ̀ láyọ̀. Adelé ní ó gúnlẹ̀ láyọ̀, ó ní kí òun kí i. Ní oṣù kẹrin, egungun ní kí ló dé tí òun kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Adelé ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ni kò dára. Ní oṣù keje, egungun ní òun ti gbá yàrá rẹ̀ mọ́ dè é, ṣùgbọ́n àlejò kan ń já wọlé, òun sì ti lé e jáde lẹ́ẹ̀mẹta.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Bàbá náà rẹ́rìn-ín wàyí, ó ní ọmọ Òkè-Ọsàn gidi ni adelé yìí. Ó ní a kì í gbé yàrá arìnrìn-àjò fún ẹlòmíràn. Ó di dandan kí wọ́n túfọ̀ fún egungun. Dókítà kọ̀. Ó ní bó bá gbọ́, ó lè jò tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ eyín sì parí nìyẹn. Bàbá ní ọ̀fọ̀ kì í lé àgbàlagbà kúrò nílé, bí wọ́n ṣe tú u ni.

Òun fúnra rẹ̀ ló tú u. Ó tún ìjókòó ṣe, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀nà jínjìn ló ti bẹ̀rẹ̀: ó kí egungun kú iṣẹ́, ó bi í bí oúnjẹ àná ṣe rí, ó ní kò sí ẹni tí ayé yìí kì í ṣe ọjà fún. Lẹ́yìn náà ó ní, "Fara balẹ̀, egungun. Ẹni tí ò ń retí yẹn, kò lọ àjò kankan."

Ọ̀rọ̀ wá jáde lára pátákó: *Láti ìgbà wo?*

"Ó ti pé oṣù méje."

*Ta ló mọ̀?*

"Gbogbo ilé ló mọ̀."

*Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?*

"Wọ́n ní ara rẹ ò ní gbà á."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu Bàbá tó fi gbọ́ ọ létí ara rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ni kò dára. Ó ní kí n kí yín. Ọdún méjì ni Fadérera ti fi ń gbé ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn síwájú òun pẹ̀lú oúnjẹ. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Fadérera ń ṣí báàgì, ó ń pa á dé, ó tún ń ṣí i.

"Fadérera, Àjàgbé ńkọ́?"

"Bàbá mi," ni ó wí, "ẹ jókòó."

Ó ti jókòó láti àárọ̀.

Dókítà kò mọ ibi tí yóò wò. Eyín kẹrin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi í síbi tó yẹ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé àwo sórí tábìlì nílé ọ̀fọ̀. Eyín kò fò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tún jáde lára pátákó: *Bàbá, ẹ kú ara fẹ́ra kù.*

Ọjọ́ tí ọkọ̀ òṣùpá balẹ̀, Bàbá Ọláníhùn sun àgbàdo méjì. Ó jẹ ọ̀kan láìkánjú, hóró kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi kan ṣùkù. Eyín náà dúró gbọn-in. Ó gbé èkejì sí orí àga tó dojú kọ tirẹ̀, ó ní òun gbà fún Àjàgbé, ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n.