Omi Ewéko Òkun

Àpò tó ń kán omi ni Démiládé gbé wọ yàrá ìwádìí tó wà ní Agbowó lọ́jọ́ tí Nabeelah kọ́kọ́ rí i. Òórùn òkun gba gbogbo inú ilé.

"Ta ló ní kí ẹ gbé ẹja wá síbí?" Nabeelah fọwọ́ bo imú.

"Ẹja kọ́ o, ewéko òkun tí ẹ ní kí wọ́n bá yín wá ni. Láti etíkun Ìlàjẹ, nílé wa, ni mo ti ń gbé e bọ̀."

Ojú ti Nabeelah, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Démiládé náà rẹ́rìn-ín. Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Oògùn ibà ni Nabeelah ń wá nínú ewéko òkun, torí apá àwọn oògùn tó wà nílẹ̀ kò fẹ́ẹ́ ká kòkòrò ibà mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Démiládé ló ń kó ewéko wá fún un. Lọ́jọ́ kan, omi tí wọ́n fún lára ọ̀kan nínú wọn pa kòkòrò ibà inú ìgò láìku ẹyọ kan. Démiládé gbé Nabeelah sókè fìrì.

"Olólùfẹ́ mi, jẹ́ ká ṣègbéyàwó."

"Màmá rẹ ńkọ́?"

Màmá Démiládé, tó ń gbé ní Challenge, ti fàáké kọ́rí pé òun ò fẹ́ ọmọ Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nabeelah tún dé ibẹ̀, Màmá gbá a mọ́ra.

"Ìyàwó mi! Ọkọ rẹ ti sọ fún mi. Ìwọ lo rí oògùn ibà!"

Àyà Nabeelah já. Bí wọ́n ṣe jáde, ó kọjú sí Démiládé.

"Irú irọ́ wo lo pa fún Màmá? Inú ìgò la ti dán an wò. Eku gan-an ò tíì mu ún!"

"Jẹ́ kí inú wọn dùn ná, ọkàn mi. Tá a bá ti ṣègbéyàwó, màá ṣàlàyé."

Ìfẹ́ di Nabeelah lẹ́nu.

Ọ̀dọ̀ Màmá ni Ògoolúwa wà, ọmọ kékeré tí ẹ̀gbọ́n Démiládé bí kó tó kú. Nígbà òjò, ibà kọ lu ọmọ náà. Démiládé àti Nabeelah wà ní Ìlàjẹ, fóònù wọn ò lọ. Màmá rántí ewéko gbígbẹ tí Démiládé tọ́jú sílé. Ó sè é, ó ń fún ọmọ mu. Àwọn aládùúgbò ní kó gbé e lọ sọ́síbítù.

"Kí ló dé? Oògùn ìyàwó ọmọ mi ju tọ́síbítù lọ."

Ìgbà tí gìrì mú ọmọ ni wọ́n tó sáré wọkọ̀. Wọn ò tíì dé ọsíbítù tó wà ní Jericho tó fi kú sórí itan ìyá àgbà.

Ilé ọ̀fọ̀ ni àwọn méjèèjì bọ̀ wá bá. Démiládé fa Nabeelah lọ sẹ́yìnkùlé.

"Màmá ń bi mí ṣáá bóyá àwọn ló pa á. Bí wọ́n bá mọ̀ pé irọ́ mi ni wọ́n gbà gbọ́, wọn ò ní pè mí lọ́mọ mọ́. Ìfẹ́ mi, bá mi gbé ẹ̀bi yìí. Sọ pé ìwọ lo ní ó ti ṣe é mu."

"Àwa méjèèjì wá ńkọ́?"

"Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀ láéláé."

Nabeelah wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ̀bi yín kọ́. Èmi ni mo ní ó ti ṣe é mu, kò sì tíì ṣe é mu. Ẹ dárí jì mí."

Màmá wò ó títí. Ó tutọ́ sí i lójú.

"Apààyàn! Bí o ṣe sọ apá mi dòfo, bẹ́ẹ̀ lapá tìẹ náà ò ní gbọ́mọ!"

Nabeelah bojú wẹ̀yìn. Démiládé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀.

Démiládé kò gbé ìpè Nabeelah mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí òjò dá, ó yọjú sí yàrá ìwádìí láti wá kó ẹrù rẹ̀.

"Màmá ti ń rí oorun sùn," ó wí, kò wo ojú rẹ̀. "Wọ́n ti bá mi rí ọmọbìnrin kan ní Òkìtìpupa."

"Ṣé o ti sọ òótọ́ fún wọn?"

Ó gbé àpótí rẹ̀ léjìká.

"Ẹ ṣeun, ma. Ọlọ́run á san án fún yín."

*Ma.* Ẹnu tó ń pè é ní ọkàn mi ló pè é bẹ́ẹ̀. Nabeelah ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì dá a lóhùn bí èèyàn ṣe ń dá àlejò lóhùn:

"Ó dàbọ̀, sà."