Ọ̀rọ̀ Tí Yusrah Kò Yẹ̀ Wò

"Yusrah, ó ku apá kan péré," ni Uncle Yaqub, tó ń darí iṣẹ́ náà, wí, ó sì ti kọ̀ǹpútà sí iwájú ọmọbìnrin náà. Yàrá kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ní Peckham, ní ìlú London, ni wọ́n wà. App ìlera fún àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ń ṣe. Apá-apá ni wọ́n kọ ọ́: ti oúnjẹ, ti ọjọ́ rírí dókítà, àti ti oògùn, tó to bí a ṣe ń lo oògùn kọ̀ọ̀kan. Apá kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, Yusrah, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló sì ń yí wọn sí Yorùbá.

Ìyá rẹ̀ àgbà, Alhaja Rùkáyàt, ló bá a ka apá méjì àkọ́kọ́, tí wọ́n ń tún un ṣe lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ti sú Yusrah. Zoe ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń kánjú kí wọ́n lọ najú lọ́jà Elephant.

"Fam, jẹ́ kí AI ṣe é jàre," ni Zoe wí. "Who's gonna check?"

Ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀rọ ti parí apá oògùn.

"Ṣé Grandma ti kà á?" ni Uncle Yaqub béèrè.

"Yes, Uncle, wọ́n ti kà á."

Irọ́ ni.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, dókítà fún Alhaja ní oògùn ọkàn tuntun: kí wọ́n lo ẹyọ kan lónìí, kí wọ́n fo ọ̀la. Òyìnbó ni wọ́n kọ sára páálí, Alhaja kò sì gbọ́ òyìnbó. Wọ́n wá orúkọ oògùn náà nínú app. Níbi tí òyìnbó ti ní "every other day", "Lójoojúmọ́" ni ẹ̀rọ kọ síbẹ̀.

"Mummy, ṣé ó dá yín lójú?" ni ìyá Yusrah béèrè lórí fóònù.

"Ọmọ mi ló kọ ọ́. Kò lè ṣì mí lọ́nà."

Lọ́jọ́ kejìlá tí wọ́n ti ń lò ó, Alhaja ṣubú lulẹ̀ ní kíṣìnì. Ní ọsibítù, dókítà ní oògùn ti pọ̀ jù lára wọn, ó sì ti ṣe ọpọlọ wọn léṣe. Ẹ̀mí kò bọ́, ṣùgbọ́n bóyá ni wọ́n á tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìyá Yusrah na fóònù tí app náà wà lójú rẹ̀ sí ọmọ rẹ̀. "Ta ló ka èyí kó tó jáde?"

"Kò sẹ́ni tó kà á, Mummy. Mo purọ́."

 Ìyá rẹ̀ kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. Uncle Yaqub yọ apá náà kúrò lọ́jọ́ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Yusrah kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Grandma, ẹ má bínú." Alhaja kàn ń wò ó ni. Ètè wọn kò mì.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí ẹlòmíràn yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ gbára lé, ẹ má ṣe sọ pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹ kò yẹ̀ ẹ́ wò. Àforíjì lè wà, àtúnṣe lè má sí.