Bẹ́ńṣì Tó Hewú

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé wá jókòó. Ẹni tó ń jẹ èpà, kó bù díẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ bí Fàtímọ̀, ọmọ Àbúdù káfíńtà, ṣe fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ọjọ́ Ojúde Ọba ku ọ̀la. Fàtímọ̀ kúnlẹ̀ ti bẹ́ńṣì igi tíìkì tó wà níwájú ilé wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sì ń kùn sínú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, inú rẹ̀ kò dùn sí iṣẹ́ yìí rárá. Láti kékeré rẹ̀ ni bẹ́ńṣì náà ti wà níta, oòrùn ń pa á, òjò ń pa á. Àwọ̀ rẹ̀ tó jọ oyin nígbà kan ti di eérú. Ó ti hewú pátápátá.

Ohun tó mú kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ nìyí: ẹgbẹ́ obìnrin tí Mùínátù ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ń kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò ṣe àga inú ilé àti bẹ́ńṣì ìta fún wọn. Ìyá ẹgbẹ́ wọn, Màmá Mọ́ṣádé, ti ní àwọn kì í fi etí ra igi. Bí wọ́n bá ń lọ sí Ojúde Ọba, wọn yóò kọ́kọ́ yà wo iṣẹ́ Àbúdù pẹ̀lú ojú ara wọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Àbúdù ti ríṣẹ́ gidi ṣe. Àga onírin ni gbogbo ayé ń wá. Ó ti sọ ọ́ gbangba pé bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, òun yóò ti ṣọ́ọ̀bù, òun yóò sì wá iṣẹ́ mìíràn lọ sí Èkó.

"Fàtímọ̀, ọṣẹ àti omi nìkan o," ni bàbá rẹ̀ wí. "Máa tẹ̀ lé ìlà ara igi. Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ gbẹ. Má fi fáníṣì kàn án."

"Bàbá, ṣebí ẹ kun ti pálọ̀ wa ní fáníṣì? Ó sì ń dán!"

"Ti pálọ̀ kì í rí òjò, kì í rí oòrùn. Àkísà gbígbẹ ló fẹ́, kẹ́ ẹ má sì gbé ìkòkò gbígbóná lé e. Tíìkì ní òróró tirẹ̀ lára. Bó bá wà níta, ká jẹ́ kó máa mí. Ewú yẹn kì í ṣe àìsàn."

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gba ọ̀nà Odògbolú lọ wo pákó.

Kò pẹ́ ni Rose, ọ̀rẹ́ Fàtímọ̀ láti ilé kejì, yọ sí i.

"Fàtí, bẹ́ńṣì lèyí àbí irùngbọ̀n bàbá àgbà?"

"Rose, fi mí sílẹ̀ o."

"Òótọ́ ni mò ń sọ! Àwọn ìyá yẹn máa rí i, wọ́n á ní káfíńtà yìí ò mọṣẹ́. Àga tiwa ńlé, o lè fi ṣe díńgí!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Fàtímọ̀ lára bí ẹ̀gún. Ó wo bẹ́ńṣì, ó rántí Èkó tí bàbá rẹ̀ ń sọ. Igi náà kò tíì gbẹ tó fi wọ ṣọ́ọ̀bù, tó gbé agolo fáníṣì jáde. Ó kùn ún, ó tún un kùn, ó sì ń dárin:

Dán, bẹ́ńṣì, dán o,
Dán bí ojú oṣù;
Kí Bàbá mi má lọ Èkó,
Dán bí ojú oṣù.

Bẹ́ńṣì dán lóòótọ́. Nígbà tí òjò winniwinni bẹ̀rẹ̀, ó fi tapólì bò ó. Bàbá rẹ̀ dé, kò ṣí i wò.

Ní òwúrọ̀, àwọn ìyá dé tẹ̀ríntẹ̀rín. Fàtímọ̀ ká tapólì, Màmá Mọ́ṣádé sì jókòó lé bẹ́ńṣì. Wọ́n kí ara wọn tán, ó fẹ́ dìde. Ìró rẹ̀ kò tẹ̀ lé e.

"Yéè! Ta ló dì mí mú?"

"Ìyá ẹgbẹ́, ẹ rọra," ni obìnrin kan wí. "Bẹ́ńṣì ló fẹ́ fi yín ṣaya!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àyàfi ẹni tí wọ́n ń já ìró rẹ̀ kúrò lára igi.

"Àbúdù," ni Màmá Mọ́ṣádé wí, "kí lo ń fi dídán bò mọ́lẹ̀? Ṣé ikán ti wọ̀ ọ́ ni, àbí ibi funfun ẹ̀bá èèpo igi, tí kò gbó, lo fi kàn án?"

Àbúdù fọwọ́ kan igi náà, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Mùínátù wolẹ̀. Ó ṣe Fàtímọ̀ bí kó sọ pé Rose ni, ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó gbé e mì, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, èmi ni. Bàbá mi kìlọ̀ fún mi kí n má fi fáníṣì kàn án. Ewú rẹ̀ ló ń tì mí lójú."

Màmá Mọ́ṣádé fà á dìde.

"O ṣeun tó o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú wa ò tíì rí igi. Ṣí aṣọ dídán yìí kúrò lára rẹ̀ ká tó dé nírọ̀lẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kan ti ń bẹ̀ wá fún iṣẹ́ yìí."

Bẹ́ẹ̀ ni Fàtímọ̀, tó ti ń retí ẹṣin Ojúde Ọba láti èṣí, ṣe di ẹni tó jókòó sílé. Fáníṣì tí kò gbẹ ń dí sáńpépà, bó ti ń ha á ló ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń gbúròó ìbọn àti fèrè láti òkèèrè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà lápá kejì, ó ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ha tirẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi?"

"Mo ń bínú. Máa ha igi."

Nígbà tí àwọn ìyá padà dé, ara igi ti jáde, ó mọ́ tónítóní. Màmá Mọ́ṣádé dojú bẹ́ńṣì dé, ó kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kó, kó, kó, ó fi èékánná tẹ ibi tí omi máa ń dúró sí. Kò sí ihò ikán. Oríkèé kan kò mì.

"Igi tó gbó ni," ló wí. "Àbúdù, gba iṣẹ́ wa. Ti inú ilé ni kó o kùn. Fi ti ìta sílẹ̀ kó hewú bó ṣe wù ú. Ṣebí àwa náà ń hu tiwa!"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá fẹ́ ran òbí rẹ̀ lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Bó bá sì ti bà á jẹ́, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dán ló dára, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó hewú ló bàjẹ́.

Mùínátù gbé ìkọ́kọrẹ́ jáde pẹ̀lú ẹran Iléyá. Wọ́n jẹ, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n di díẹ̀ dání fún ará ilé, olúkúlùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ tayọ̀tayọ̀. Àbúdù fa ẹran tó tóbi jù nínú àwo tirẹ̀, ó fi í sínú ti Fàtímọ̀. Ọmọ náà jẹ ẹ́ tán, ó sì sùn lọ fọnfọn lórí ìjókòó.