Ọkùnrin Tó Gba Fọ́ọ̀mù Rẹ̀ Padà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìròyìn náà bá mi lẹ́nu iṣẹ́, ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí mo ti ń bójú tó owó yíyá. Ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà mi, tó jẹ́ télọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹsẹ̀ àbúrò mi yọ̀ lórí àkàbà. Ó ti fi wá sílẹ̀."

Ìgbéyàwó wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i. Káfíńtà ni, ó fẹ́ yáwó ra ẹ̀rọ ìfági. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onídùúró.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n yín mọ ohun tó fọwọ́ sí?"

"Ó mọ̀ ọ́n. Ó jẹ́rìí pé n kì í ṣe olè."

Mo rẹ́rìn-ín. "Rárá o, bùrọ̀dá. Ìlérí tí òfin dè mọ́ ẹ̀yin méjèèjì lọ́rùn ni. Oṣù méjìlá lẹ ó fi san owó náà tòun tèlé. Oṣù tẹ́ ò bá san, òun ni yóò san án. Bí ohunkóhun bá sì ṣe yín, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ọrùn rẹ̀ ló kù sí."

Ó rọra fa fọ́ọ̀mù náà yọ lábẹ́ ọwọ́ mi.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún un ná. Ọlọ́mọ mẹ́rin ni. Mi ò lè dè é mọ́ ohun tí kò mọ̀."

Láti ọdún mẹ́jọ tí mo ti wà níbẹ̀, n kò rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọkàn mi tẹ̀ lé e jáde.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti télọ̀ jọ dé. "Kí lo wá ń ṣàlàyé fún?" télọ̀ ń kùn. "Mi ò rí oorun sùn!" Síbẹ̀, ó tún fọwọ́ sí i.

Nígbà tí káfíńtà wá tọrọ mi, màmá mi kọ̀ jálẹ̀. "Onígbèsè lo fẹ́ fi ṣe ọkọ?"

"Màmá, ẹni tó mọ ohun tó jẹ ni."

Ó tó oṣù mẹ́ta kí inú rẹ̀ tó yọ́. Káfíńtà máa ń sọ pé, "Ààyò mi, màmá rẹ le ju igi ìrókò lọ, ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀rọ ìfági."

Nígbà tó kú, oṣù mẹ́rin ló ṣẹ́ kù nínú owó náà. Télọ̀ san oṣù mẹ́ta láìjanpata, ṣùgbọ́n ó rù, ojú rẹ̀ jìn.

Màmá rí mi tí mò ń ṣa owó jọ.

"Ọmọ mi, o ò tíì wọlé ọkọ. Ìwé kankan ò dè ọ́."

"Mo mọ̀, Màmá."

Ó wò mí títí, ó jókòó tì mí, ó sì di ọwọ́ mi mú.

Kí télọ̀ tó dé láàárọ̀ ọjọ́ tí a ó san èyí tó kẹ́yìn, mo ti san án. Èmi náà ni mo kọ rìsíìtì rẹ̀. Níbi tí à ń kọ orúkọ ẹni tó sanwó sí, mo rọra kọ orúkọ olólùfẹ́ mi, mo sì fi òǹtẹ̀ lù ú.