Pátákó Tí Ọwọ́ Ọmọdé Ò Tó

Ní kíláàsì àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀, òwúrọ̀ tó bá lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti gbé báàgì kọ́ tán, kálukú á lọ síwájú pátákó kan lára ògiri, ní ibi tí ojú ọmọdé mọ, á wo ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe.

Pátákó náà ò jọjú. Páálí ni tíṣà gé, tó to àwòrán sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀: ìwé, ọwọ́ lábẹ́ omi ẹ̀rọ, àwo oúnjẹ, bọ́ọ̀lù. Fọ́tò àwọn tó máa wá mú ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ sílé ló gbẹ̀yìn. Ohun tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan bí koríko èèmọ́ wà lẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti ṣe nǹkan kan tán, ọmọ kan á ṣí àwòrán rẹ̀ kúrò, á jù ú sínú àpò aṣọ tó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Ó parí nìyẹn. Kò sí ariwo, kò sí ẹjọ́.

Ẹni tó gba pátákó yìí gbọ́ jù ni ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan tí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ń pè ní Àbíkẹ́yìn. Àbíkẹ́yìn kì í sọ̀rọ̀. Ilé-ìwé méjì ti dá a padà sílé nítorí pé ó máa ń sá jáde. Ní ibí yìí, kò sá rí ní odidi sáà méjì.

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa rí òun ni. Bí ilé-ìwé bá ra ìgbálẹ̀ tuntun, òun àti ìgbálẹ̀ á jọ ya fọ́tò. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀, ó wo páálí yẹn, ó yínmú, ó béèrè bóyá kíláàsì ni tàbí ibi tí wọ́n ń kó àlòkù sí.

Ní ọjọ́ kẹta, pátákó tuntun dé. Dígí ló bo àwòrán rẹ̀, férémù rẹ̀ sì ń kọ mànà. Wọ́n gbé e kọ́ sókè, kí ẹni tó bá fẹ́ yà á ní fọ́tò má baà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní àárín, níbi tó yẹ kí àwo oúnjẹ wà, ọ̀gá àgbà ló wà níbẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Àwòrán tí wọ́n fi parí rẹ̀ jẹ́ mọ́tò ńlá kan tí òbí ọmọ kankan ò ní irú rẹ̀.

Tíṣà sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọwọ́ àwọn ọmọ ò ní tó o, àti pé àwòrán abẹ́ dígí ò ṣeé ṣí. Ọ̀gá dá a lóhùn pé ojú ni wọ́n fi ń wo àwòrán, kì í ṣe ọwọ́. Tíṣà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́n mọ ìgbà tí wọ́n ń dákẹ́.

Nígbà tí oúnjẹ yá, ọmọ kan wo ẹ̀rín ọ̀gá lórí pátákó, ó bú sẹ́kún. Àbíkẹ́yìn fọwọ́, ó padà wá síwájú pátákó, ó na ọwọ́, kò tó o. Àwòrán ọwọ́ fífọ̀ ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ó lọ fọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fọ̀ ọ́, títí apá aṣọ rẹ̀ fi rin gbindin. Nígbà tó wá wo ìsàlẹ̀ pátákó tí kò rí fọ́tò bàbá rẹ̀, ó gba ẹnu géètì jáde. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì bá a létí títì, níbi tí lọ́ọ̀rì kan ti fi bíréèkì dúró. Ní ọjọ́ kejì, ó tún sá.

Lẹ́tà ọ̀gá dé ọ̀dọ̀ télọ̀: bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kí ọmọ jókòó sílé. Ọkùnrin náà wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Ẹ máà bínú, mà," ló wí. "Ọmọ tí kò sá fún sáà méjì, kí ló dé tó fi sá lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ méjì?"

"Bàbá Àbíkẹ́yìn, ọmọ yín ti ya aláìgbọràn ni," ni ọ̀gá dáhùn, ó sì ránṣẹ́ pe tíṣà pé kó wá jẹ́rìí. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, aláìgbọràn kọ́," ni tíṣà wí. "Ó ń gbọ́ràn jù ni. Pátákó ní ọwọ́ fífọ̀ ò tíì tán, ó ń fọ̀ ọ́. Pátákó ní bàbá rẹ̀ ò ní wá, ó jáde lọ wá a."

Ọ̀gá ní ojoojúmọ́ kúkú ni bàbá rẹ̀ ń wá.

"Àwa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, mà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró de ọmọ yẹn. Àwòrán ló máa ń dúró dè é."

Télọ̀ fọwọ́ kan téèpù ọrùn rẹ̀. "Èmi ò mọ̀ nípa pátákó o, mà. Ṣùgbọ́n mi ò rán aṣọ fún ẹni tí mi ò wọ̀n rí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ta ló wọn àwọn ọmọ yìí kí ẹ tó gbé pátákó kọ́?"

Ọ̀gá tún àwọn ìwé orí tábìlì rẹ̀ tò, ó ní àwọn alábẹ̀wò á dé lọ́la. Tíṣà, tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe "rárá." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, tíṣà ti dá páálí padà sí àyè rẹ̀. Wọ́n gbé pátákó onídígí lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí ọ̀gá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, oníbàárà kan dá télọ̀ dúró, kò tètè wá mú ọmọ. Mọ́tò àwọn alábẹ̀wò ń jáde, géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òbí àwọn ọmọ yòókù ti mú wọn lọ tán. Ọ̀gá àti tíṣà dúró, wọ́n ń wo Àbíkẹ́yìn. Ọmọ náà wo géètì. Ó wo pátákó. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀: bàbá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó fi ìka lé e, ó dúró ti ògiri, ìka rẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀ títí bàbá rẹ̀ fi wọlé pẹ̀lú òógùn lójú. Nígbà náà ló ṣí fọ́tò yẹn, ó jù ú sínú àpò.

Ọ̀gá ní kí tíṣà bá òun yọ ẹ̀dà lẹ́tà tí òun kọ sí télọ̀ kúrò nínú fáìlì.

Ẹ̀yin òbí àti tíṣà, pátákó àwòrán kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ gbé e kọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọ tó. Ohun tí ọmọ mọ̀ ni kí ẹ yà sí i: àwo tirẹ̀, bàbá tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ohun tó bá ti parí, bí ètò ọjọ́ bá sì máa yí padà, ẹ pààrọ̀ àwòrán lójú rẹ̀ kí àyípadà náà tó dé. Páálí tó. Bí ẹ bá sì kọ́ ọ tán, ẹ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ kí ẹ wò ó. Ohun tí ẹ ò bá rí láti orí ìkúnlẹ̀, ọmọ náà ò rí i.