Àdúrà Tí Mọ́tọ́lá Ò Gbọ́

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ Sunday tí Oyèkànmí kọ́kọ́ fojú kan Mọ́tọ́lá Ọlágúnjú. Aṣọ nọ́ọ̀sì ló wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, omi ń kán tótó nírun rẹ̀, ó sì gbá nǹkan ńlá kan tó fi ìró wé mọ́ àyà, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ bọ̀ wá sọ lórúkọ. Òun ni òjò pa. Ohun tó gbé kò tutù rárá.

Ìsìn ti parí. Oyèkànmí, tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kan ní Downtown níbí nílùú òyìnbó, ń ká wáyà ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì jọ. Ẹnu ọmọkùnrin yìí kì í sinmi.

"Sister, ẹ kú ewu òjò o. Ṣé pásítọ̀ mọ̀ pé ìsọmọlórúkọ wà lónìí?"

Mọ́tọ́lá ò rẹ́rìn-ín. Ó tú ìró náà lórí tábìlì. Kọ̀ǹpútà ilé ni, àtijọ́ bàbá àtijọ́. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, brother, mo ti delete àdúrà ìyá mi." Ẹkún sì gbà á. Yẹ̀yẹ́ kú sí Kànmí lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Nígbà tí ìyá Mọ́tọ́lá mọ̀ pé àìsàn òun ò ní lọ mọ́, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yìí ní Sátidé kan, ó sì gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Àdúrà tí ìyá ń ṣe lé ọmọbìnrin lórí nígbà tó bá kúnlẹ̀ lọ́jọ́ ìdána ni. Ó ní, "Má gbọ́ ọ títí dọjọ́ tí wàá kúnlẹ̀. Tó o bá gbọ́ ọ ṣáájú, ẹkún lásán ni wàá máa sun." Mọ́tọ́lá, ọmọ tó ń gbọ́ràn! Ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, kò gbọ́ ọ, kò sì dà á kọ síbòmíràn. Lọ́jọ́ Thursday kan tó ti shift dé, tí oorun ń kùn ún, ó ní kóun dín ẹrù kọ̀ǹpútà kù. Ó pa gbogbo ẹrù ìyá rẹ̀ rẹ́ mọ́ pàǹtí.

"Ẹ má sunkún," ni Kànmí wí. "Nǹkan téèyàn bá parẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n yọ lára ilẹ̀kùn, òun fúnra ẹ̀ ṣì wà nínú yàrá. Àmọ́ tí àlejò tuntun bá fi lè wọ yàrá yẹn, ó parí. Torí náà, ẹ ò gbọdọ̀ tàn án. Wáyà kan wà nílé mi ní Hampton, òun ni màá fi so ó mọ́ laptop tèmi, kí nǹkan kan má baà wọ inú tiyín. Mò ń bọ̀ ní Sátidé."

Sátidé dé. Ẹ̀yin náà ẹ wo nǹkan: ó lọ aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fín lọ́fínńdà, ó gbàgbé wáyà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tó jókòó tán nílé àwọn Ọlágúnjú ní Morrow ló tó rántí. Ìrẹsì ti wà lórí tábìlì, Dádì Mọ́tọ́lá ń pè é ní "ẹ̀njiníà wa", Mọ́tọ́lá ń wò ó bí ẹni tí Ọlọ́run rán wá. Ojú tì í láti sọ pé òun fẹ́ padà sílé. Ó tan kọ̀ǹpútà náà, ó sì fa ètò tí wọ́n fi ń wá fáìlì tó ti parẹ́ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú ẹ̀ gan-an, ohun tó ní kẹ́nì kankan má ṣe.

Fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Màmá nínú ẹ̀wù òtútù, Màmá níbi tó ti ń dín puff-puff. Mọ́tọ́lá ń pariwo, "Dádì, ẹ wá wò ó!" Lẹ́yìn náà ni orúkọ kan yọ: Àdúrà Mọ́tọ́lá. Kànmí tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Ó tún un tẹ̀. Ètò náà fúnra rẹ̀ sọ fún un pé fáìlì tuntun ti jókòó síbẹ̀. Àlejò tóun fọwọ́ ara òun mú wọlé ni.

"Ó ti bàjẹ́ kí n tó dé," ló sọ.

"Àbí torí pé mo tàn án lọ́jọ́ Friday, kí n tó gbé e wá ṣọ́ọ̀ṣì, tí mò ń wá a?"

Kànmí ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Háà, Kànmí!

Ó ń padà wá síbẹ̀. Àánú ló kọ́kọ́ ń gbé e wá, nígbà tó yá ìfẹ́ ni. Tí Mọ́tọ́lá bá ti shift jáde, á bá a nínú mọ́tò níta pẹ̀lú tíì gbígbóná.

"Ṣé kọ̀ǹpútà míì ò sí tó o máa tún ṣe ni?"

"Tilé yín ni mo mọ̀."

"Tiwa ti gbádùn o."

"Èmi ni mi ò tíì gbádùn, olólùfẹ́ mi."

Mọ́tọ́lá á rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ bá ti dé, á ní, "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa ohùn Mọ́mì." Kànmí á tẹjú mọ́ kọ́ọ̀pù ọwọ́ ẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ti Kànmí ò tó ogún, ọdún kan ó lé díẹ̀ ni. Ọjọ́ tó fi òrùka sí i lọ́wọ́ nínú mọ́tò, Mọ́tọ́lá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dì mọ́ ọn, ó sì bú sẹ́kún. "Ta ló máa ṣàdúrà fún mi lọ́jọ́ náà, Kànmí? Mo ti pa á."

"Ìwọ kọ́," ni Kànmí wí. "Èmi ni." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, látorí wáyà dórí irọ́.

Mọ́tọ́lá ò pariwo. "Wáyà tó o gbàgbé, mo lè forí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko lo fi ń gbọ́ tí mò ń bú ara mi! O gbé ẹ̀bi ẹ rù mí, o tún ń bá mi mu tíì!"

"Ẹ̀rù bà mí pé màá pàdánù rẹ."

"O ti pàdánù mi báyìí." Ó bọ́ òrùka náà, ó fi í sí i lọ́wọ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni kò fi gbé fóònù rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé kan, Kànmí lọ sí Morrow, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Dádì, ó sì jẹ́wọ́. Mọ́tọ́lá wà ní kíṣìnì, ó ń gbọ́.

Dádì fọwọ́ kàn án léjìká. "Dìde," ló wí. "Ọjọ́ tí ìyá ẹ̀ gba ohùn yẹn sílẹ̀, ó ní kí n jókòó ti òun. Mo ní mò ń bọ̀. Gáràjì ni mo sá lọ, mo lọ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Nígbà tí mo padà, ó ti ṣe tán. Ká ní mo jókòó ni, ǹ bá rántí ọ̀rọ̀ kan sọ fọ́mọ mi. Èmi náà ò sọ fún un rí. Ẹ̀rù bà mí, bó ṣe bà ẹ́."

Mọ́tọ́lá jáde síta, omijé lójú. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo Kànmí. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí," ló wí, "ẹ ò ní pa mí." Ó jókòó ti Kànmí. "Gbọ́. Bí nǹkan bá tún bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ, lọ́jọ́ náà gan-an ni kó o sọ fún mi. Jẹ́ kí n sun ẹkún mi lákòókò ẹ̀."

"Mo gbọ́."

"Òrùka mi dà?"

Ìdána ò lérò púpọ̀, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí wọ́n pe òbí ìyàwó, Aunty Péjú, àbúrò ìyá rẹ̀, fẹ́ lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dádì. Mọ́tọ́lá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àga ìyá òun ṣófo. Ó kúnlẹ̀. Dádì na ọwọ́ lé e lórí, ó la ẹnu, ohùn ò jáde.

Mọ́tọ́lá gbójú sókè sí àga náà.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Mi ò gbọ́ nǹkan tẹ́ ẹ sọ. Gbogbo ẹ̀ pátá, àmín."

Lẹ́yìn rẹ̀, Kànmí, tó ti dọ̀bálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ, dáhùn pé, "Àmín." Ẹkún ò jẹ́ kó já gaara.